Ajórin Ló Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le? Ẹ kú iṣẹ́ àgbàfọ̀, ẹ kú ìdúró nídìí áyọ́ọ̀nù. Àbúrò mi Ajórin ńkọ́? Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ túmọ̀ lẹ́tà yìí fún un, ẹ bá mi gbá a léjìká kó mọ̀ pé mo kí i. Ẹ ní fóònù kì í ṣe ti ilé tí adití wà, pé lẹ́tà lẹ fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ jókòó tì í. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀ re lórí fóònù, inú máa ń tètè bí mi.

Mo ti kúrò ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń nu ilẹ̀. Ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. À ń lọ láti ìjọ dé ìjọ, à ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè gba àwọn akanda ẹ̀dá mọ́ra: afọ́jú, adití, arọ, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ò yára bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin fúnra rẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló wà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. A máa ń wọn ẹnu ọ̀nà wọn, a máa ń sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gòkè sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, a sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ti kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ẹ̀rín ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a dé ìjọ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ọkùnrin kan tí gbogbo ara rẹ̀ máa ń gbọ̀n, tí itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀, fẹ́ wọlé tọ̀ wá. Olùṣọ́nà wọn mú un lọ́rùn ẹ̀wù, ó fi ẹsẹ̀ tì í dà sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ ìró orí rẹ̀ nílẹ̀. Mo sáré bọ́ sáàárín wọn, ẹ̀ṣẹ́ tó tẹ̀lé e, tó yẹ kó ba ọkùnrin yẹn, èmi ló bà lẹ́nu. Eyín mi kan ń mì títí di òní. Ohun tó dùn mí jù ni pé orin ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé, kò sì sí ẹni tó dá orin dúró.

Bí mo ṣe ń nu ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, Ajórin ni mò ń rí. Láti kékeré ló ti ń jókòó sábẹ́ fèrèsé ìjọ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alùpùpù, torí wọ́n ní bó ṣe ń ké nígbà orin ń da àwọn akọrin láàmú. Ẹ̀yin ń jókòó nínú, ọmọ yín ń jókòó níta, ẹ sì ń pè é ní ìjọsìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún Pásítọ̀ ní ìwé tí mo fi sínú èyí. Kí wọ́n mú un wọlé, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tí gbogbo ìjọ á ti máa rí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òun ò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lè bá a sọ ọ́.

Èmi ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta

Ata Wẹẹrẹ, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé eyín náà ń mì, kò tíì bọ́. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ ni mo ti mọ̀ pé ẹnu yẹn ni wàhálà rẹ á ti máa wọlé. Ọkùnrin méjì ń jà, ìwọ lọ dúró sáàárín wọn, ṣé ìwọ ni ọgbà ni? Máa fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Má fi eyín yẹn jẹ nǹkan líle.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ pé mo jókòó nínú, ọmọ mi jókòó níta, gún mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo gbé ìwé náà lọ, mo sì dúró ti Pásítọ̀ títí wọ́n fi kà á tán. Wọ́n gbà á ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n kà á sétí ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n so ribọ́n pupa mọ́ Ajórin láyà, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ ó ti di olùṣọ́nà ilé Ọlọ́run. Àbúrò rẹ fi ribọ́n yẹn sùn. Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá ra géètì ló ń fi hàn.

Alápatà ni olórí àwọn olùṣọ́nà. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin ọlọ́rùn kíki yẹn, tó máa ń gbé odindi ẹsẹ̀ ẹran ránṣẹ́ sílé Pásítọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bó ṣe ń ṣọ́ ìsọ̀ rẹ̀ ló ṣe ń ṣọ́ ilé Ọlọ́run. Ẹni tó bá pẹ́ dé, á gbá a ní ṣòkòtò mú láti ẹ̀yìn, á fà á síta. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá ń ké, á tì í jáde tọmọtọmọ. Ó ní olùṣọ́nà tí kò bá ní ìbẹ̀rù lára, ìjọ rẹ̀ á di ọjà. Kò fẹ́ Ajórin, ó sì sọ ọ́ lójú mi. Ó ní, "Ìyá, ẹni tí mo pariwo mọ́ tí kò mọ̀ pé mo pariwo, báwo ni mo ṣe fẹ́ pàṣẹ fún un?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fún un ní ìgbátí. Kékeré ni. Àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, Alápatà ń sọ pé kó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ìwé rẹ ṣe wí, pé ẹni tó bá fẹ́ pe adití kó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ara adití á mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi, bóyá pákó ni ilẹ̀ ọ̀dọ̀ yín. Sìmẹ́ńtì ni tiwa. Alápatà lu ilẹ̀ títí gìgísẹ̀ fi ń dùn ún, Ajórin ò yíjú. Alápatà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìró ìgbátí yẹn dé ìjókòó mi.

Àbúrò rẹ yíjú, ó gbé ọwọ́ sókè. O mọ irú ọwọ́ tó ní. Mo dìde lórí ìjókòó, mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ abíyá. O ò lè gbàgbé àmì yẹn, òun ni mo fi kọ́ àbúrò rẹ nígbà tó la orí ọmọ aládùúgbò, pé kó pa ọwọ́ mọ́, kó má jà. Ó rí mi, ó sì sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pé ó ṣì ń gbà fún mi bó ṣe dàgbà tó yìí. Ikú tí ì bá pani, bó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́ ni. Ó ti wà nínú ilé báyìí, ṣebí ohun tó o fẹ́ nìyẹn.

Ìgbà wo lò ń bọ̀ wá wo ojú mi?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni lónìí, ẹ má bínú.

Ti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ẹ̀bi mi ni. Pákó ni ilẹ̀ gbogbo ibi tí a ti ń kọ́ wọn níbí, mi ò ronú kan tiwa. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa ju ọwọ́ níwájú ojú rẹ̀. Bí ó bá jìnnà, kí wọ́n tan iná, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún tàn án. Bí gbogbo ìyẹn bá le fún Alápatà, kó rìn lọ bá a. Ọlọ́run fún un lẹ́sẹ̀.

Ẹ ní ìgbátí kékeré. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n gbá? Ṣùgbọ́n kì í ṣe Alápatà ló pa mí lẹ́kún, ẹ̀yin ni. Ọmọ yín gbé ọwọ́ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì dè é. Kò sí okùn nínú ìjọ yẹn tó yi tó ọwọ́ yín méjèèjì tẹ́ ẹ kì bọ abíyá. Ẹ dì í mú dúró kí wọ́n lè rí i nà. Tí wọ́n bá tún fọwọ́ kàn án, tẹ́ ẹ tún ṣe àmì yẹn, mi ò mọ ohun tí màá máa pè yín mọ́.

Ẹ mú un kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kó wá jókòó tì yín nínú ilé bíi ti gbogbo ènìyàn. Mò ń retí èsì kíákíá.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá ti yọ lójú pópó, ojú fèrèsé ni mo máa ń wà. Èsì ò dé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ìjọ́sí le. Ẹyin lohùn, tèmi ti bọ́ nílẹ̀, mi ò lè ṣà á. Ẹ bú mi, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má yan odì sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti pa àbúrò mi síbẹ̀.

Èmi náà ti dáràn níbí. A wà ní ìjọ kan, mo lọ sẹ́yìn ilé lọ bu omi. Mo bá bàbá kan nínú yàrá àwọn akọrin pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ tó ti tó bàlágà ṣùgbọ́n tí kò lè dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọ yẹn ti tọ̀ sára nígbà àdúrà. Bàbá rẹ̀ dì í ní irun mú, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn tó wà nínú ìjọ má baà gbọ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn ló bí mi nínú. Mo mú irin tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé, mo fi là á lẹ́yìn. Ó ṣubú. Mo tún fi là á nílẹ̀ níbẹ̀. Ká ní wọn ò dì mí mú ni, ì bá tún jẹ ẹ̀kẹta. Ọmọ yẹn wá sáré lọ dùbúlẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lórí, ó ń ké mọ́ mi.

Ọ̀gá wa ò pariwo. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé iwájú mi, ó ní, "Ṣé bí a ṣe ń gba ènìyàn mọ́ra nìyẹn?" Ó ní mi ò gbọdọ̀ tẹ ìjọ kankan mọ́ títí ara mi á fi rọlẹ̀. Ìdí tábìlì ni mo wà báyìí. Àwọn ìjọ tó bá fẹ́ ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ máa ń kọ̀wé sí wa, èmi ni mo ń ṣírò bó ṣe máa gùn tó àti bó ṣe máa ga tó fún wọn.

Ẹ forí jì mí. Ẹ sọ bí Ajórin ṣe wà fún mi.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà

Ata Wẹẹrẹ,

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ìwọ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìyá rẹ. Nígbà tí mò ń túmọ̀ lẹ́tà oṣù Kẹta yẹn fún àbúrò rẹ, mo dé ibi tó o ti ní mo dè é, ọwọ́ mi dúró. Mo purọ́ fún un. Mo ní òjò lò ń béèrè. Ó ń wo ojú mi, ojú lọ̀rọ̀ wà, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Inú ló bí mi sí ọ tí mi ò fi kọ̀wé. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ báyìí, mi ò sì ní ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

O mọ Ìyá Aránṣọ, tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì rọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọ́ ara wọn kiri. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ìjọ ni wọ́n máa ń jókòó sí láti gbọ́ ìwàásù, nínú oòrùn, torí àtẹ̀gùn yẹn ga. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ajórin dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ribọ́n rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí Ìyá Aránṣọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pọ̀n wọ́n, ó gbé wọn gba àárín ìjọ kọjá, ó sì gbé wọn kalẹ̀ sórí àga tímùtímù níwájú pátápátá, èyí tí wọ́n fi aṣọ funfun bò de àlejò. Èmi ni mo lọ aṣọ yẹn. Ìyá Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ọwọ́ nu aṣọ náà kó má baà dọ̀tí.

Alápatà wọ́ Ajórin síta sórí àtẹ̀gùn. Ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, èyí tó fi ń so ọ̀bẹ mọ́ ìdí ní ìsọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án níbi tí gbogbo ìjọ ti ń wò ó. Ó nà án lẹ́yìn, ó nà án lórí. Irin bẹ́líìtì la ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo ojú ọ̀hún. Ajórin di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń fi ojú kejì wò mí. Ọwọ́ mi wà nínú abíyá. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó o kọ sí mi, ibẹ̀ náà ni mo tún kì í sí. Mo rò pé tó bá gbẹ̀san, wọ́n á lé e jáde, á tún padà sábẹ́ fèrèsé. Àwọn akọrin gbé orin tó lariwo.

Ó rẹ Alápatà, ó wọlé padà, ó di Ìyá Aránṣọ mú ní apá kan, ó ń wọ́ wọn lọ nílẹ̀ bí ẹni wọ́ ẹran. Aṣọ ń bọ́ lára wọn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó fi bẹ́líìtì nà wọ́n náà, ìyá àgbà tí kò lè sá. Mo yọ ọwọ́ mi jáde. Mo na méjèèjì sí Ajórin, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́. Mi ò ṣe irú ẹ̀ sí i rí, mi ò sì mọ̀ bóyá á yé e. Ó yé e. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló jù. Mo gbọ́ bí eegun àgbọ̀n ṣe dún. Alápatà yí láti orí àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀, kí ó tó dúró, ìbàdí rẹ̀ ti dún bí igi gbígbẹ.

Màá sọ èyí tí mi ò sọ fún Pásítọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, èmi ìyá ìjọ, mo fi bàtà tí mo wọ̀ wá jọ́sìn ta á nípàá níkùn. Mo tún ta á. Ó dùn mọ́ mi.

Ọlọ́pàá mú Ajórin lọ. Àwọn obìnrin ìjọ gbé Ìyá Aránṣọ, a lọ jókòó síwájú àgọ́ ọlọ́pàá, a ò dìde títí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Ó wà nílé. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó ń jẹun.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà

Ìyá mi, ìyá mi àtàtà,

Mo jó. Mo dá nìkan jó nínú yàrá mi títí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ fi ń fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà. Mo ka ibi tẹ́ ẹ ti ta á nípàá fún ọ̀gá wa, ó rẹ́rìn-ín títí, ó di táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi fi ẹnu ko Ajórin lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ yẹn.

Ẹ kúrò nínú ìjọ náà báyìí. Ẹ kó aṣọ fèrèsé tẹ́ ẹ ń bá wọn fọ̀ jù sílẹ̀ fún wọn ní ìdọ̀tí rẹ̀. Bí Alápatà ò bá lè rìn mọ́ títí ayé, ẹ jẹ́ kó máa wọ́. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ṣófo, kó lọ jókòó síbẹ̀.

Èmi ọmọ yín tó ń yọ̀.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Lẹ́tà ijó rẹ bá mi ní ọsibítù. Má bínú bí ìkọ̀wé mi ò bá dúró.

Àwọn ọmọ Alápatà wá sí ṣọ́ọ̀bù Ajórin. Ó fi ìbòjú bojú, ó ń jó irin lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹlòmíràn ì bá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gbá a lulẹ̀, wọ́n tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ orí irin tó ti ń tún géètì ṣe, wọ́n sì fi òòlù tirẹ̀ fúnra rẹ̀ fọ́ ọ, láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Igbe tí wọ́n ní ó ń da àwọn akọrin láàmú, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Dókítà ní ìka méjì péré ló máa tún ká. Wọ́n rò pé ọwọ́ tó fi lu bàbá wọn ni àwọn fọ́. Ọwọ́ yẹn ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnu ọmọ mi ni wọ́n fọ́, Ata Wẹẹrẹ. Bó ṣe jí, ó fẹ́ sọ nǹkan fún mi, kìkì aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ náà ló ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n so ribọ́n mọ́ ọn, mi ò rí ju ẹni méjì lọ ní ọsibítù. Ọwọ́ epo làwọn ènìyàn ń báni lá, wọn kì í báni lá ọwọ́ ẹ̀jẹ̀.

Mo lọ sílé, mo kó èédú pípọ́n sínú áyọ́ọ̀nù mi, mo gbé e lọ sílé Alápatà. Kò sí ẹnì kankan nílé. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò lè yí ẹ̀gbẹ́, ó ti tọ̀ síbẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ wà nínú wáyà. Nígbà tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé orí ìrọ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ gan-an. Mo dúró títí ìrọ̀rí fi ń rú èéfín, tí irun rẹ̀ ń ta. Lẹ́yìn náà mo gbé e kúrò. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí n gbé e kúrò. Mo da omi sórí ìrọ̀rí, mo jáde.

Ohun tí mo wá fẹ́ sọ ni èyí. Pásítọ̀ àtàwọn alàgbà wá bá mi. Ibi tí wọ́n wo ìbàdí Alápatà dé, kò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́, orí kẹ̀kẹ́ ni. Wọ́n ní wọ́n ti tún ìwé rẹ kà, wọ́n fẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ onírin sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kí Ajórin bá wọn ṣe é. Mo bi wọ́n pé láti ìgbà tí Ìyá Aránṣọ ti ń wọ́, ṣé wọn ò mọ̀ pé irin wà láyé ni? Alàgbà kan ní kí n fi sùúrù sí i. Mo ní kó dìde nínú ilé mi.

Ṣùgbọ́n Ajórin ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ lójú wọn. Ó fi ọwọ́ òsì sọ fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, pé òun á ṣe é. Ó ní Ìyá Aránṣọ á gùn ún. Mo ní Alápatà náà á gùn ún. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun lòun ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òun lòun á máa ti ẹni tí kò bá lè dá gòkè. Àwọn ajórin ẹgbẹ́ rẹ̀ á bá a di irin mú. Ó ní kí n béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ rẹ, torí pé iṣẹ́ rẹ ni. Àtẹ̀gùn náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Ohunkóhun tó o bá kọ, bó ṣe wà ni màá ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mi ò ní purọ́ fún un mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ

Ata Wẹẹrẹ,

Ṣé kò sí o? Irin ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ, òjò ti ń pa á. Ajórin ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, á fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, á padà wálé, á wo ọwọ́ mi bóyá lẹ́tà wà níbẹ̀. Àwọn alàgbà ní kó kúkú fojú díwọ̀n rẹ̀. Ó kọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun á fèsì. Bó o bá ń bínú, bínú sí mi. Fún un lésì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án

Ìyá mi,

Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ìtọ́jú ọwọ́. Ẹ fi lẹ́tà yìí hàn án kó rí i kẹ́ ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, kó mọ̀ pé mo fèsì.

Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo ti kọ èsì. Mo kọ ìwọ̀n sínú rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo gbé e sórí tábìlì, ibẹ̀ ló sì wà láti ìgbà náà. Ọ̀nà kúkúrú ni mo kọ, tó ga. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí ọ̀nà bá ga bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ á gòkè dé ìdajì, táyà iwájú á gbéra, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á fi ìpàkọ́ balẹ̀. Mo ti rí i níbí. Mo mọ bó ṣe máa ń dún. Mo fẹ́ kí orí Alápatà dún bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé èmi ni. Kì í ṣe ìbínú ọjọ́ kan. Mo jí pẹ̀lú rẹ̀ láràárọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́, mo kọ ìwọ̀n tó dáa fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí, mo padà wálé wá bá tiyín lórí tábìlì.

Kì í ṣe àdúrà ló dá mi dúró. Lánàá ni mo tún lẹ́tà yín kà, tí mo rí ibi tí Ajórin ti ní òun lòun á máa ti ẹni tí kò bá lè dá gòkè. Ẹ̀yìn ni ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ máa ń wà. Òun àti ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni Alápatà á wó lé lórí. Mo lọ sun èsì àkọ́kọ́ tí mo kọ yẹn nínú agolo. Mi ò tíì dárí ji Alápatà o. Bí Pásítọ̀ bá béèrè, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un lórúkọ mi.

Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ọ̀nà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Tiyín ga ní mẹ́ta, kó gùn ní mẹ́rìndínlógójì, bí àyè ò bá tó, kó yí i po lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó má dín in kù. Kí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Láàárín ọ̀nà, kó ṣe ibì kan tó tẹ́jú, kí òun lè dúró mí. Kó gbé ọ̀pá irin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má ga jù, kó mọ níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé, kí Alápatà lè rí nǹkan dì mú.

Èmi ọmọ yín ni.